Ẹnu Púpọ̀, Ohùn Kan

  Àwọn tí ó ń ṣe ìwé ìròyìn yìí ní kí a kọ ọ̀rọ̀ ìwúrí ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí àlùfáà. A bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí a sọ ohun tí ó ti ń jẹ wá lọ́kàn láti bí ọdún mélòó kan wá, wọ́n sì gbà fún wa. Ọ̀rọ̀ àdúrà ni, pàápàá àdúrà àjùmọ̀gbà.

Kò sí ẹni tí ó gbé inú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ yìí ní ìgbà tiwa tí yóò gbàgbé agogo àdúrà. Ọ̀kan ń dún ní ìdájí, òmíràn ń dún lẹ́yìn ìwé kíkà alẹ́. A kò ní purọ́: púpọ̀ nínú wa ni ó ń sùn lórí ìkúnlẹ̀, àwọn mìíràn a sì máa fi ìgúnpá gún ara wọn lábẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ kan, ìròyìn dé pé bàbá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yàrá wa ti kú. Olùkọ́ tí ó ń mójú tó ilé wa kò wàásù. Ó pa ìwé tí ó mú wá dé, ó ní kí gbogbo wa kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì yí ibùsùn ọmọ náà ká, kí a sì gba Àdúrà Olúwa pẹ̀lú rẹ̀. Bí ogójì ọmọkùnrin, ohùn kan. Nígbà tí a dé ibi tí a ti ń tọrọ oúnjẹ òòjọ́, ẹkún gba ẹnu ọmọ náà, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Àwa ni a gbà á parí fún un. Lẹ́yìn ọdún wọ̀nyẹn, a lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà, a ka ìwé ńláńlá lórí àdúrà, a sì ṣe ìdánwò lórí wọn. Síbẹ̀, a kò tíì rí èyí tí ó la ọ̀rọ̀ àdúrà àjùmọ̀gbà yé wa tó alẹ́ ọjọ́ yẹn.

Àdúrà kò wọ́n ní àdúgbò tí a ń gbé báyìí. Láti Mile 2 dé Àgbojú, láti àwọn Avenue inú Festac Town dé àwọn ilé tuntun inú Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin, agbára káká ni òru kan fi lè kọjá láìsí ìṣọ́ òru níbì kan. Ìwé ìpolówó àdúrà wà lára ògiri, ó wà lára òpó iná, ó wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ Marúwá. Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ wo ohun tí a ń ṣe nígbà tí a bá péjọ. Aṣáájú yóò ní, ‘Ẹ la ẹnu yín, kí ẹ máa gbàdúrà!’ Igba ènìyàn yóò la ẹnu wọn, igba ẹ̀bẹ̀ yóò sì gòkè lọ. Ẹnìkan ń tọrọ físà, ẹnìkan ń tọrọ ọkọ, ẹnìkan ń ti ọ̀tá rẹ̀ tí ó wà ní abúlé ṣubú. Arákùnrin tí èjìká rẹ̀ kan tiwa ń sunkún, a kò mọ ohun tí ó ń pa á lẹ́kún, a kò sì béèrè. Bí a bá ṣe àmín tán, oníkálukú á gbé àpò rẹ̀.

A kò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Àwa pàápàá ti darí irú àdúrà bẹ́ẹ̀ nígbà tí kò níye, Ọlọ́run sì ń gbọ́ ti oníkálukú. Ohun tí a ń wí ni pé àdúrà àdágbà ni èyí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ọ̀pọ̀ ènìyàn ni a ti gbà á. Nínú orí kejìdínlógún ìwé Mátíù, níbi tí Olúwa ti sọ̀rọ̀ nípa ẹni méjì tí wọ́n fi ìmọ̀ ṣọ̀kan lórí ohun tí wọn yóò béèrè, iye ènìyàn kò tó nǹkan rárá. Ìfohùnṣọ̀kan ni ó gbé lárugẹ. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Yorùbá, ẹ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń dún: ohùn ni a sọ di ọ̀kan. Kí ohùn tó lè di ọ̀kan, ó yẹ kí èmi gbọ́ tìrẹ ná, kí ìwọ náà sì gbọ́ tèmi.

Nígbà tí Hẹ́rọ́dù fi Pétérù sínú túbú, ilé Màríà ìyá Jòhánù Máàkù ni àwọn ará péjọ sí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó kó wọn jọ, orúkọ ènìyàn kan sì ni ó wà lẹ́nu wọn. A fẹ́ràn ìtàn yẹn gidigidi nítorí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Pétérù dé, ó ń kan ilẹ̀kùn, Ródà ọmọbìnrin náà sáré wá sọ fún wọn, wọ́n sì ní orí rẹ̀ dàrú! Àwọn tí ó ń gbàdúrà kò gbà pé àdúrà ti gbà. Ìtùnú ńlá ni èyí jẹ́ fún àwa tí ìgbàgbọ́ wa máa ń mì. Níbi tí a bá ti gbàdúrà pọ̀, ìgbàgbọ́ ẹnìkan kò ní láti pé kí ìlẹ̀kùn tó ṣí.

Àwọn kan yóò sọ pé Olúwa kan náà ni ó ní kí ẹni tí ó ń gbàdúrà wọ yàrá lọ kí ó sì ti ilẹ̀kùn. Òtítọ́ ni. Àwọn tí ó ń gbàdúrà kí ènìyàn lè rí wọn ni ó ń bá wí, ìkìlọ̀ náà sì kàn wá títí di òní. Ṣùgbọ́n kò jìnnà sí ibi tí ó ti sọ̀rọ̀ yàrá yẹn tí ó fi kọ́ wọn ní àdúrà, àdúrà náà kò sì ní ‘mi’ nínú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. ‘Wa’ ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tí ó bá wọ yàrá lọ, tí ó ti ilẹ̀kùn, tí ó sì gba àdúrà yẹn, ti kó gbogbo ìjọ wọlé pẹ̀lú ara rẹ̀.

Bóyá ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí tètè yé àwa tí a ń gbé Festac ju àwọn ẹlòmíràn lọ, nítorí ìlú àjèjì ni ìlú wa. Ìjọba àpapọ̀ ni ó kọ́ ọ láti fi gba àlejò nígbà àjọ̀dún ńlá iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1977 tí ó sì parí ní ọjọ́ 12 oṣù kejì. A ṣì wà lórí ìjókòó ilé-ẹ̀kọ́ yìí nígbà náà. Lẹ́yìn tí àwọn àlejò ti lọ, kèké ni wọ́n fi pín ilé náà. Kèké gbé Yorùbá sí òkè, ó gbé Ìgbò sí ìsàlẹ̀, ó gbé ará Ẹdó àti ará Calabar sí ọ̀tún àti òsì wọn. Kò sí agboolé, kò sí baálé, kò sí ẹni tí bàbá rẹ̀ sin ìwọ́ sí ilẹ̀ náà. Àwọn àgbà tí a bá níbẹ̀ sọ fún wa pé inú pálọ̀ ara wọn ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń péjọ gbàdúrà, Áńgílíkà pẹ̀lú Mẹ́tọ́díìsì, Onítẹ̀bọmi pẹ̀lú Àgùdà, kí oníkálukú tó rí ilé ìjọsìn tirẹ̀. Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ń gbàdúrà kò dán mọ́rán, ṣùgbọ́n wọ́n mọ orúkọ ọmọ ara wọn.

Kì í ṣe Festac nìkan ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn lukuluku ń pa ènìyàn káàkiri ayé, àwọn ọmọ ìjọ mélòó kan ní ìjọ St. Saviour’s ti àwọn Áńgílíkà ní Ìjẹ̀bú-Òde bẹ̀rẹ̀ sí í péjọ láti gbàdúrà. Joseph Shadare, tí wọ́n ń pè ní Daddy Ali, àti Sophia Odunlami, ọ̀dọ́mọbìnrin olùkọ́ kan, wà lára àwọn aṣáájú wọn. Ẹgbẹ́ àdúrà lásán ni, Precious Stone ni wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Láti inú ẹgbẹ́ kékeré yẹn ni omi ti ń ṣàn lọ títí ó fi dé ìsọjí Òkè-Ooye ní Iléṣà ní ọdún 1930, tí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ṣe aṣáájú rẹ̀, àti ìjọ tí a mọ̀ sí Christ Apostolic lónìí. Bí ẹ bá sì wo Ebúté-Mẹ́ta ní ọdún 1952, inú ìpàdé àdúrà tí Josiah Akíndàyọ̀mi ń ṣe pẹ̀lú ènìyàn díẹ̀ ni ìjọ Ìràpadà ti jáde. Àlùfáà ìjọ àtijọ́ ni àwa jẹ́, a kò sì fara mọ́ gbogbo ohun tí àwọn ará Ìjẹ̀bú-Òde wọ̀nyẹn gbà gbọ́. Kíkọ̀ tí wọ́n kọ oògùn, fún àpẹẹrẹ, a kò lè kọ́ ọmọ ìjọ wa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a jẹ́wọ́ pé àwọn tí a pè ní Aládùúrà rán àwa tí a ní ìwé àdúrà lọ́wọ́ létí ohun tí ìwé náà wà fún.

A dé ibi tí ó ń dùn wá wàyí.

Ní oṣù kẹta ọdún 2020, àrùn kòrónà ti ilẹ̀kùn ilé ìjọsìn ní Èkó, kò sì ṣí títí di oṣù kẹjọ. Bí àwọn yòókù ti ṣe ni àwa náà ṣe, a gbé ìpàdé àdúrà Ọjọ́rú wa sórí fóònù. Kí àrùn tó dé, bí ogójì ènìyàn ni ó ń wá sí ìpàdé náà, àwọn ìyá àgbà ni wọ́n sì pọ̀ jù. Lórí fóònù, a ka orúkọ mẹ́tàlélọ́gọ́rin ní alẹ́ ọjọ́ kan. Inú wa dùn dé ibi pé a fi í sínú ìròyìn ìjọ. Nígbà tí wọ́n ṣí ilé ìjọsìn, a kò dá ìpàdé náà padà sílé. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ wà, iná kì í sí, àwọn ọ̀dọ́ ń dé láti ibi iṣẹ́ ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́. Ó rọrùn bẹ́ẹ̀. Ìṣòro kan ṣoṣo tí a ní ni ariwo: bí ajá kò bá gbó nílé ẹnìkan, ẹ̀rọ amúnáwá á máa kùn nílé ẹlòmíràn. Nítorí náà, a pàṣẹ pé kí a ti ohùn gbogbo ènìyàn pa láti ọ̀dọ̀ wa, kí ó jẹ́ ohùn ẹni tí ó ń darí nìkan ni a ó máa gbọ́.

Bàbá kan wà nínú ìjọ wa, òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó ti fẹ̀yìn tì, opó ọkùnrin. Close kẹta sí ilé ìjọsìn ni fúláàtì rẹ̀ wà. Orúkọ rẹ̀ kì í wọ́n lórí fóònù ní gbogbo Ọjọ́rú. Ní Ọjọ́rú méjì tẹ̀léra, a tilẹ̀ fi í ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ọ̀dọ́, a ní, ‘Ẹ wo bàbá bí wọ́n ṣe tètè dé.’ Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta lẹ́yìn èkejì, ọmọ rẹ̀ obìnrin dé láti Ìbàdàn, ó sì bá a lórí àga pẹ̀lú ẹnu tí ó ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan àti apá ọ̀tún tí kò ṣe é gbé. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọ lù ú láti ọjọ́ mélòó kan ṣáájú Ọjọ́rú àkọ́kọ́. Ọwọ́ òsì ni ó fi ń tẹ fóònù náà. Ó wá sí ìpàdé àdúrà wa lẹ́ẹ̀mejì kí a lè gbọ́ pé òun kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, àwa sì ni a ti ohùn rẹ̀ pa.

A kò rí ẹni dá lẹ́bi àfi ara wa. Nígbà tí a lọ wò ó ní ilé ìwòsàn, a kò lè gbàdúrà. Ọmọ rẹ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀ Àdúrà Olúwa, a sì tẹ̀lé e bí a ti ń tẹ̀lé olùkọ́ wa nígbà èwe.

Kí ẹ má ṣe rò pé a kórìíra fóònù. Ọmọ wa méjì ń gbé ní Kánádà, fóònù ni a fi ń gbàdúrà pẹ̀lú wọn ní alẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, a sì dúpẹ́ fún un. Ẹni tí òkun wà láàrin òun àti àwa, kí fóònù ṣe afárá fún un. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wà ní Close kẹta, ẹsẹ̀ ni kí a fi lọ bá a.

Láti ìgbà náà ni a ti dá Ọjọ́rú padà sínú ilé ìjọsìn, a sì bẹ̀rẹ̀ òmíràn ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tí àwọn tí ó bá wà ní Close kan náà yóò máa péjọ sí fúláàtì ẹnìkan wọn fún ogójì ìṣẹ́jú, ìjọ yòówù kí wọ́n máa lọ. Kò rọrùn. Ní oṣù àkọ́kọ́, ènìyàn mẹ́rin ni ó wá, àwa àti ìyàwó wa sì jẹ́ méjì nínú wọn. A kì í lo ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Gbogbo yín ni ẹ mọ̀ pé ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti fi àgádágodo ti ilé ìjọsìn púpọ̀ nítorí ariwo, ti onígbàgbọ́ àti ti Mùsùlùmí, àwọn kan sì ń pè é ní inúnibíni. Àwa kò pè é bẹ́ẹ̀. Aládùúgbò tí kò rí oorun sùn nítorí àdúrà wa, kí ni a fẹ́ kí ó rò nípa Ọlọ́run wa? Ẹnìkan á dárúkọ ohun tí ó fẹ́ kí a gbàdúrà lé. A ó béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ títí yóò fi yé wa. Lẹ́yìn náà, ẹnìkan ṣoṣo ni yóò gba àdúrà náà sókè, àwọn yòókù yóò máa gbọ́, wọn yóò sì ṣe àmín tí ó ní ìtumọ̀. Ìyá kan láti ìpínlẹ̀ Ímò a máa fi Ìgbò gbàdúrà nígbà tí ọ̀rọ̀ bá wọ̀ ọ́ lára. Gbogbo wa ni a mọ ohun tí ó ń tọrọ, nítorí a ti gbọ́ ọ kí a tó kúnlẹ̀.

Ewu wà níbẹ̀, a kò ní fi bò. Ní ọdún kejì, ohun tí obìnrin kan fi sílẹ̀ fún àdúrà nípa ilé ọkọ rẹ̀ di ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ ní ọjà Àgbojú. Obìnrin náà kò wá mọ́, kò sì sí ẹ̀bẹ̀ tí a kò bẹ̀ ẹ́. A gbà pé ìdí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ fi ń sá fún àdúrà àjùmọ̀gbà tí wọ́n fi ń sá lọ sí àárín ogunlọ́gọ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ wọ́n. Wọn kò jẹ̀bi. Ẹni tí kò lè pa ẹnu rẹ̀ mọ́ kò yẹ ní ẹni tí à ń bá fi ohùn ṣọ̀kan, àwa aṣáájú ni ó sì yẹ kí a sọ ọ́ fún un lójú.

Bí a bá mọ ọ̀rọ̀ ara wa, ọwọ́ kì í pẹ́ tẹ̀lé ẹnu. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Close wa ti fẹ́ fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀ nítorí owó. A gbàdúrà lé e ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan. Nígbà tí a dìde lórí ìkúnlẹ̀, ojú ń ti olúkúlùkù wa láti lọ sílé láìtọwọ́ bàpò. Bí ó bá jẹ́ pé inú ariwo ni ó ti tọrọ rẹ̀, ta ni ìbá gbọ́?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, ẹ gbà wá láyè kí a bi yín léèrè: ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa, ìṣẹ́jú mélòó ni àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ ń gbà? Nígbà tí a lọ kẹ́yìn, kò tó ìdajì ìṣẹ́jú kí ìrẹsì tó dé. A sì mọ̀ pé láàrin wa ẹnìkan wà tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnìkan ń tọ́jú ìyàwó tí kò mọ ẹni tí òun jẹ́ mọ́. Ọkọ̀ ojú irin ti ń gbé wa láti Marina dé Mile 2 láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023; kí àwọn tí ń gbé ní Erékùṣù má ṣe sọ pé ọ̀nà jìn. A dábàá pé kí ẹ̀ka Festac àti Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin fi wákàtí kan ṣoṣo sílẹ̀ ní oṣooṣù, kí a pe orúkọ ẹnìkan tàbí ẹni méjì, kí a mọ ìṣòro wọn, kí a sì gbàdúrà lé e.

Ẹ̀yin òbí, ìdánwò àṣekágbá ń bọ̀, a sì mọ̀ pé ẹ ó gbàwẹ̀ fún àwọn ọmọ yín. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ pe ọmọ náà jókòó ní alẹ́, kí ẹ bi í ní ohun tí ó ń bà á lẹ́rù, kí ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ gba àdúrà náà sókè, kí ẹ̀yin ṣe àmín. Ó lè má jẹ́ ìdánwò ni ó ń bà á lẹ́rù.

Bàbá tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ padà wá sí ìpàdé Ọjọ́rú lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, ọ̀pá ní ọwọ́ òsì, ọmọ rẹ̀ ní ọ̀tún. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já gaara mọ́. Ní ọjọ́ kan ó kàn án láti dárúkọ ẹni tí a ó gbàdúrà fún, ọ̀dọ́ tí ó ń darí sì fẹ́ rékọjá rẹ̀ kí ojú má bàa tì í. Bàbá gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè. A dúró. Ó pẹ́, ó pẹ́ gan-an, ẹnikẹ́ni kò wo aago. Orúkọ ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni ó ń wá. Nígbà tí ó pè é jáde tán, gbogbo wa pè é tẹ̀lé e, a sì kúnlẹ̀.